Má Lóṣòó Ti Oore

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣòroó gbọ́ létí ayé ìsinsìnyí. Kí wọ́n tó gbé àpò ìrẹsì lé opó lọ́wọ́ lónìí, ẹnì kan á ti na fóònù sókè. Wọ́n á ní kí màmá gbójú sókè, kó di etí àpò mú, kó tún àdúrà tó ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣe, torí pé fóònù ò gbà á dáadáa. Ìrẹsì á tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwòrán ojú màmá á ṣì máa rìn káàkiri ayé.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú òwe náà: lóṣòó. Ìyá tó pàtẹ ata lọ́jà a máa lóṣòó tì í, oníbàárà ló ń retí. Ẹni tó ki iṣu bọ iná a máa lóṣòó tì í, ó ń retí kó jinná kóun fi jẹun. Ta ló ń lóṣòó ti ohun tó ti fi tọrẹ? Ẹni tó bá lóṣòó ti oore ti jẹ́wọ́ pé ọjà lòun pa tẹ́, ọpẹ́ sì lowó tóun ń retí.

Ìtàn tó tú òwe yìí fún mi jù lọ ni ti aṣojú ìjọba Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Ho Feng-Shan. Ọdún 1901 ni wọ́n bí i ní Yiyang, ní ẹkùn Hunan. Ọmọ ọdún méje péré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àwọn míṣọ́nnárì ará Norway ló sì ràn án lọ́wọ́ tó fi rí ilé ìwé lọ. Ó kàwé títí ó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Munich, ní Jámánì, lọ́dún 1932. Ó wọṣẹ́ aṣojú ìjọba lọ́dún 1935, ó sìn ní Tọ́kì, wọ́n sì gbé e lọ sí Vienna, olú ìlú Ọ́stríà, lọ́dún 1937.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1938, Hitler gba Ọ́stríà mọ́ Jámánì. Ayé wá fún mọ́ àwọn Júù tó lé ní 180,000 tó wà níbẹ̀. Àwọn Násì, ọmọlẹ́yìn Hitler, fẹ́ kí àwọn Júù kó jáde, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò níwèé ibi tó ń lọ jáde. Ẹni tí wọ́n ti sọ sí àgọ́ ìyà ní Dachau pàápàá lè dòmìnira bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá mú físà wá. Físà ọ̀hún ni kò sí. Ní oṣù Keje ọdún náà, aṣojú orílẹ̀-èdè 32 pàdé ní Évian, ní ilẹ̀ Faransé, lórí ọ̀rọ̀ wọn. Àánú pọ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó ṣílẹ̀kùn nínú wọn.

Ho ti di kọ́ńsúlì àgbà ní Vienna nígbà yẹn. Ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Shanghai láìní físà. Síbẹ̀, láti jáde kúrò ní Vienna, ìwé ní láti wà lọ́wọ́. Ó wá ń kọ físà Shanghai fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Àwọn kan fi dé Shanghai lóòótọ́, àwọn mìíràn fi jáde, wọ́n sì gba ibòmíràn lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ti kan ilẹ̀kùn kọ́ńsúlì bí àádọ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà. Físà ogún ló rí gbà fún òun àtàwọn ẹbí rẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára àwọn físà náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1938, ó ti dé orí 200. Nígbà tó fi di ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, ó ti di 1,906. Ẹ ro bí ọwọ́ ṣe ṣiṣẹ́ tó: ṣí ìwé ìrìnnà, kọ nọ́ńbà, lu òǹtẹ̀, fọwọ́ sí i, na ọwọ́ sí ti ẹni tó kàn. Ibí yìí ni mo ti rí ìjìnlẹ̀ òwe yẹn. Ẹni tó bá lóṣòó ti físà kẹrin, ta ni yóò kọ ìkarùn-ún? Ìlóṣòó ò ba oore àná nìkan jẹ́, ó ń dínà mọ́ tọ̀la.

Ìyà ni Ho rí gbà dípò ọpẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ tó wà ní Berlin, Chen Jie, kò fẹ́ kí àárín Ṣáínà àti Jámánì bàjẹ́, ó ní kó ṣíwọ́. Wọ́n rán ẹnì kan wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ta físà ni, ẹni náà ò rí nǹkan kan. Àwọn Násì gba ilé tí kọ́ńsúlétì wà, wọ́n ní ti Júù ni. Ìjọba rẹ̀ ò fún un lówó láti gba òmíràn, ló bá fi owó ara rẹ̀ gba ilé kékeré kan, ó ń báṣẹ́ lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1939, wọ́n kọ ẹ̀bi sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ó kúrò ní Vienna lọ́dún 1940.

Lẹ́yìn náà, ó ṣe aṣojú ní Íjíbítì, Mẹ́síkò, Bòlífíà àti Kòlóḿbíà, ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1973, ó sì fìdí kalẹ̀ sí San Francisco. Ó kọ ìwé lórí ogójì ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ aṣojú, ọ̀rọ̀ físà kò sì tó nǹkan níbẹ̀. Ọdún 1997 ló kú, lẹ́ni ọdún 96. Manli, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ akọ̀ròyìn, fi gbólóhùn kan sínú ìkéde ikú rẹ̀: pé bàbá òun ti dúró níwájú ìbọn rí nítorí àwọn Júù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan kà á, ó béèrè ọ̀rọ̀, ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa bàbá. Àwọn tó fi físà rẹ̀ là á já àtàwọn ọmọ wọn ń yọ ìwé ìrìnnà àtijọ́ jáde láti orílẹ̀-èdè káàkiri. Lọ́dún 2000, ilé ìrántí Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù kà á mọ́ àwọn olódodo tó gba Júù là.

Ẹnì kan lè ní, bí gbogbo oore bá dákẹ́ báyìí, báwo lọmọ aráyé yóò ṣe rí àpẹẹrẹ kọ́? Àwọn àgbà ti dáhùn. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe méjèèjì ló pín iṣẹ́ yẹn: kí ẹni tó ṣe é máa lọ, kí ẹni tó jẹ ẹ́ máa ròyìn. Ẹ jẹ́ ká gbé ìrẹsì fún màmá, ká kí i, ká sì máa lọ. Ilé ẹlòmíràn wà níwájú tí ebi ń pa.