Ará Rẹ́mọ, Ẹ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ìyá Ìkókó

Ẹ̀yin ará Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹ́rù àti Ìlíṣàn, ẹ gbọ́ o. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ládùúgbò yín. Ó ń ké pé ọmú òun ò tó. Kí ẹ tó sáré ra mílíìkì alágolo, kí ẹ tó gbé àgbo kaná, ẹ wo ohun tó ń ṣe láti àárọ̀.

Bóyá ọjọ́ ìkómọ ni. Ọmọ ti kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tipẹ́. Ìyá àgbà gbé e fún àǹtí, àǹtí gbé e fún ọ̀rẹ́ ọkọ tí kò mọ ọmọ gbé. Ọmọ ń wá ọmú, wọ́n fún un lómi ṣíbí kan, wọ́n tún fi ìkejì lé e. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bu ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò. Kó tó di ọ̀sán, ọmú ti ń dà sí i láṣọ. Ẹni tí ẹ ní kò lọ́mú nìyẹn!

Ọmọ ló ń pe ọmú. Bó bá ṣe ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ lara ìyá á ṣe máa pèsè rẹ̀ tó. Bí ọmú bá kún tí ọmọ ò fà á, ara á dín in kù. Ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá ló yẹ kí ọmọ tuntun mu ọmú láàárín wákàtí 24, òru sì wà níbẹ̀. Omi tí ẹ rọ ọ́ ti gba àyè ikùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, omi ló kó bí ìdá 87 nínú ìdá 100 ọmú fúnra rẹ̀. Òùngbẹ wo lẹ wá ń bá kiri?

Lọ́dún 2018, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Ó kéré jù.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ gbé àgbo sílẹ̀. Ẹ wẹ ọmọ tán, ẹ dá a padà sáyà ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ pọnmi, ẹ fọ ìtẹ̀dí ọmọ. Bí ọ̀rẹ́ bá rẹ́rìn-ín, ẹ fún un ní méjì kó bá yín ṣan án.

Ẹ̀yin ará ọjà Sábó, ẹ bá ìyá ìkókó wo ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ yẹ̀ fún un lórí bẹ́ǹṣì kó fún ọmọ lọ́mú láìsá pamọ́. Ìlú obì ni Ṣágámù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kó rọra jẹ ẹ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn nínú obì ń dé inú ọmú.

Ẹ gbé oúnjẹ wá fún un: ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́. Ẹ gbé omi sítòsí rẹ̀. Ẹ̀kọ dára, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ ẹnu ọmọ. Ẹmu tí wọ́n ní ó ń mú ọmú wá ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn baba. Ọtí kì í jẹ́ kí ọmú jáde dáadáa.

Bí ọmú bá ń dun ìyá, ó lè jẹ́ pé ọmọ ò gbà á sẹ́nu dáadáa. Kó la ẹnu gbàgà, kó gba ibi dúdú ọmú mọ́ orí rẹ̀. Ẹ sìn ín lọ bá nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera tó súnmọ́ yín, á fi hàn án.

Lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún, ọmọ tó ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́, tó sì ń tóbi sí i, ó ń yó. Ṣùgbọ́n bí kò bá tọ̀, tó ń sùn ṣáá tí kò jí mu ọmú, tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Bí ọmú ìyá bá le tí ara rẹ̀ sì gbóná, òun náà ń lọ. Ilé ìwòsàn OOUTH wà ní Ṣágámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn.

Ìyá ìkókó wo ló wà lójúlé yín? Ẹ yà á wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má jókòó bí àlejò. Ẹ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.