Okùn Ewúrẹ́ Kì í Ṣe Wáyà Kámẹ́rà

Lára okùn ẹran ni Gẹ̀ẹ́sì ti fa orúkọ yọ fún yíya àwòrán pẹ̀lú kámẹ́rà tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò pọn dandan kí atúmọ̀ Yorùbá pè é ní 'àsomọ́lẹ̀'. Okùn ń dá ewúrẹ́ dúró. Iṣẹ́ ni wáyà ń jẹ́. Bí àwòrán kò bá wọlé mọ́, ẹni tó gbọ́ 'àsomọ́lẹ̀' yóò máa wá ibi tí okùn ti já. Bẹ́ẹ̀ wáyà lè má já rárá: ó lè gùn ju mítà 5 tí ìlànà USB 2.0 yọ̀ǹda; kámẹ́rà lè ti sùn; lórí Linux, gvfs lè ti gba kámẹ́rà mọ́ gphoto2 lọ́wọ́. 'Ìyàwòrán àfiwáyàránṣẹ́' sàn jù. Ó gùn lẹ́nu, lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò mú kí olùtúnṣe béèrè ibi tí iṣẹ́ náà dúró sí, kí ó tó náwó sórí wáyà tuntun.