Ọwọ́ Òsì Dà?

Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ìyá tí inú ń bí sí ọmọ ni a sábà ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n ó kan ìjọba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan wà tí òwe náà kò sọ jáde: ọmọ tí a ó fà mọ́ra gbọ́dọ̀ ṣì wà láàyè.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a dìbò ààrẹ, àwọn ọ̀dọ́ dínà ní Savè, ìlú Oníṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin, nítorí àwọn ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi kún sáà Patrice Talon, ààrẹ ìgbà náà. Ìbọn ni àwọn ológun fi ṣí ọ̀nà náà. Ó kéré tán, ènìyàn méjì kú. Òótọ́ ni pé àwọn agbófinró náà fara gbọgbẹ́.

Bẹ́ẹ̀, Benin yìí kan náà ló dara pọ̀ mọ́ àdéhùn àgbáyé ní 2012 láti fòpin sí ìdájọ́ ikú. Adájọ́ tó fi oṣù púpọ̀ gbọ́ ẹjọ́ apànìyàn kò lè ní kí wọ́n pa á. Ẹni tó gbé ìbọn dúró lójú títì, tí kò gbọ́ ẹjọ́ kankan, báwo ló ṣe rí àyè ṣe é?

Ọ̀rọ̀ ìbọn yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá ń yìnbọn pa bí 1,000 ènìyàn lọ́dọọdún. Ní England àti Wales, wọn kì í tó mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ èrò Amẹ́ríkà kò pé ìlọ́po mẹ́fà tiwọn. Ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì kì í gbé e rárá. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé e yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin kan, Chris Kaba, ní London ní 2022, àjọ tí kò sí lábẹ́ ọlọ́pàá ló wádìí rẹ̀. Kóòtù dá ọlọ́pàá náà láre ní 2024, ó sì dun ẹbí òkú gan-an. Síbẹ̀, ọlọ́pàá náà dúró níwájú gbogbo ayé, ó sọ ìdí tó fi yìn ín.

Ẹ wá wo ọ̀nà Bassila sí Manigri ní Benin. Ká ní oní-zémìjàn kan, ìyẹn ọlọ́kadà, tí kò ní ìwé rí Police Républicaine, ọlọ́pàá ìjọba, lọ́ọ̀ọ́kán, ó yà sí ọ̀nà oko, ó sá. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju àìníwèé lọ. Ta ni kò mọ ilé rẹ̀? Kí wọ́n ránṣẹ́ sí baálé rẹ̀, yóò yọjú kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìbọn bá sì ti dún, kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá ẹni tó yìn ín wádìí rẹ̀, kí wọ́n sì ka àbájáde rẹ̀ sétí ẹbí òkú ní èdè tí wọ́n gbọ́, ìbáà ṣe Nàgó tàbí Anii.