Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ẹ má fi aṣọ bò ó!

Àwọn àgbà ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ìgbà tó dé ilé wa ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Àǹtí mi kan ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ Gbági á mọ̀ pé owó méjì ló wà lórí aṣọ kan ṣoṣo. Owó ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan fún ara rẹ̀ wà, owó alárọ́bọ̀ tó ń ra 20 tàbí 30 lọ tà ní ìlú rẹ̀ náà wà. Alárọ́bọ̀ kì í dúró níwájú ìsọ̀ nájà. Àǹtí mi á ní, "Ẹ máa bọ̀ nínú," wọ́n á jọ wọ yàrá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sára ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2023, àǹtí mi ṣí ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo mú ọmọkùnrin tó bá wọn ṣe é wá. A pín ọjà sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí: ańkárá, léèsì, àdìrẹ, aṣọ òkè. A wá ṣe ìsọ̀rí kan fún àwọn alárọ́bọ̀, owó tiwọn ló wà níbẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin náà pé, "Ṣé ẹlòmíì ò ní rí i?" Ó ní òun ti yọ ọ́ kúrò lára ohun tó ń hàn lójú ìwé àkọ́kọ́, àfi ẹni tí a bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Mo ní ó ti tó. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò tó o!

Oníbàárà àǹtí mi kan wà ní Ọ̀yọ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò. Ìdílé kan ní kó bá àwọn wá ańkárá aṣọ ẹbí. Ó ní 12,000 náírà ni ọ̀pá mẹ́fà. Àṣé alárọ́bọ̀ mìíràn ti fi líǹkì wa ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ó di inú gúrúùpù WhatsApp ìdílé tó fẹ́ ṣe ìyàwó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. 9,500 náírà ni wọ́n bá lórí aṣọ kan náà.

Ohun tí ojú obìnrin yìí rí lọ́jọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n pè é lólè lójú ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí owó ọkọ̀ láti Ìbàdàn, owó ìsọ̀, àti àwìn tí wọ́n máa ń rà títí wọ́n á fi ṣe ìnáwó tán. Lọ́jọ́ kejì ó dé Gbági, kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tú mi síhòòhò." Àǹtí mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi gan-an ń wá ibi tí mo máa gbà.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Aṣọ la fi bo ilẹ̀kùn, a ò tì í. Pé ìsọ̀rí kan kò hàn lójú kò ní kí ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ má wọlé. Ẹ wo WooCommerce, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ṣe ìsọ̀ láti ọdún 2011. Bí ẹ bá ní kó fi ọjà kan pamọ́, ọjà náà ò ní hàn lórí àtẹ, ẹni tó ń wá a nínú ìsọ̀ náà ò sì ní rí i, ṣùgbọ́n ojú ìwé rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí fún ẹni tó bá ní líǹkì. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìlò rẹ̀, àwa la kì í kà á.

Kí la wá ń pè ní títì? Òun ni kí ẹ̀rọ tó gbé ìsọ̀ náà ró kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta nìyẹn o?" kó tó fi ohunkóhun han ẹni tó dé. Kó má sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni yóò ti béèrè. Ẹni tó gba inú ìsọ̀rí wá, ẹni tó gba líǹkì ọjà wá, ẹni tó fẹ́ sọ ọjà tààrà sínú apẹ̀rẹ̀ ìrajà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ dáhùn. WooCommerce fúnra rẹ̀ kò ní èyí fún odindi ìsọ̀rí, àfikún ni wọ́n máa ń fi sí i.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló kàn. Àwọn kan máa ń fún gbogbo alárọ́bọ̀ ní pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí kí èèyàn ti ilẹ̀kùn, kó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ibi tí líǹkì gbà jáde náà ni pásíwọ́ọ̀dù máa gbà jáde. Kí oníkálukú ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ẹ fúnra yín sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá dalẹ̀, tirẹ̀ nìkan lẹ ó gbà, ẹ ò ní yọ àwọn yòókù lẹ́nu.

Ẹ tún bi ẹni tó ń bá yín tọ́jú ìsọ̀ nípa àdàkọ. Kí ìsọ̀ lè máa yára ṣí, ẹ̀rọ máa ń tọ́jú àdàkọ ojú ìwé tó ti fi han ẹnì kan, kó lè fi han ẹlòmíì. Bí wọn ò bá yọ ojú ìwé alárọ́bọ̀ kúrò nínú ètò yẹn, owó yàrá ẹ̀yìn lè bọ́ sójú ẹni tí kò yẹ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan ẹnu tèmi. Ẹ gba fóònù ẹlòmíì tí kò wọ ìsọ̀ yín rí, ẹ tẹ líǹkì náà, ẹ wá orúkọ aṣọ náà lórí Google. Ohun tí ẹ bá rí ni gbogbo ayé ń rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọtí, ẹ gbọ́ tiyín: àpótí kékeré tó ní "Mo ti pé ọdún 18" kì í ṣe àgádágodo. Ọmọ ọdún 12 náà ní ìka tí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń gbé ọjà lọ sílé oníbàárà gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni tó fẹ́ gbà á, kó sì béèrè káàdì ìdánimọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á kọ lẹ́tà sí mi pé, "Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ ni kí ẹ máa bo iye owó kan mọ́ wa lójú?" Rárá o. Ìrẹ́jẹ ni bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí fún ojúlùmọ̀ nìkan. Ẹ kọ ọ́ síta gbangba pé ẹnikẹ́ni tó bá lè ra 20 lẹ́ẹ̀kan lè béèrè fún àyè alárọ́bọ̀. Kí àwọn ìsọ̀rí yòókù sì wà ní ṣíṣí, torí ẹni tó bá ti gbogbo ilé pa, àlejò ò ní mọ̀ pé ó ń tajà.

Èmi àti àǹtí mi lọ bẹ obìnrin Ọ̀yọ́ náà nílé. Ó dárí jì wá, ó sì ti ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ báyìí. Ó ti ń rajà lọ́wọ́ wọn padà, àmọ́ ìdílé tó pè é lólè ò tíì padà wá.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ̀wé sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.