Wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà hàn yín!

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé dé. Kì í ṣe ti olówó tó ń ra tuntun láti ilé iṣẹ́ o, tiwa ni, àwa tá à ń fowó àjọ àti owó tá a yá níbi iṣẹ́ ra èyí tẹ́nì kan ti lò sílẹ̀.

Ẹ bá mi dé Bẹ́gà tó wà lójú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ wá gbọ́ bẹ́nu àwọn dílà ṣe dùn tó. "Àǹtí mi, ẹ́ńjìnnì tuntun la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sínú ẹ̀ o." "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti tú u palẹ̀, a ti ṣe ríìnì ẹ̀." "Gáàsì ló ń lò báyìí, ẹ ò ní í ra bẹntiróòlù mọ́." Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti bu owó gọbọi lé iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Mi ò sọ pé òpùrọ́ ni gbogbo wọn o. Àwọn kan ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe lára ẹ́ńjìnnì kì í lọ láìfi àpá sílẹ̀. Nọ́ńbà á wà, tàbí ìwé á wà, tàbí kí mẹkáníìkì tó gbọ́ṣẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i. Èyí tí kò bá ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àlọ́ ni. Ẹ gbọ́ àlọ́ tó bá wù yín, ẹ ṣáà má sanwó fún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí wọ́n máa ń sọ jù, pé àwọn ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Lọ́jà Ládìpọ̀, ní Mushin, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú lára mọ́tò òkè òkun, táwọn èèyàn ń pè ní "Belgium", pọ̀ bí yanrìn. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára, nọ́ńbà yẹn náà ló sì yẹ kó wà nínú ìwé mọ́tò. Kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àkísà nu ibẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kẹ́ ẹ fúnra yín kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e ti tinú ìwé.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, inú wọn á dùn, wọ́n á ní mọ́tò yìí mọ́. Lóòótọ́ ló mọ́, àmọ́ ẹ rò ó wò: tó bá jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, báwo ni nọ́ńbà ti àtijọ́ ṣe máa wà lára tuntun? Àfi tí wọ́n bá ti lọ tún ìwé náà ṣe, kí wọ́n wá mú ìwé àtijọ́ jáde kẹ́ ẹ rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà ló ṣì wà ńbẹ̀, owó irọ́ sì ni èyí tí wọ́n bù lé e.

Tí nọ́ńbà ò bá wá bára mu ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ béèrè rísíìtì ibi tí wọ́n ti rà á, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́, àti ẹ̀rí pé wọ́n ti fi tó àwọn tó ń ṣe ìwé mọ́tò létí. Tí wọn ò bá ní ìkankan, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fọ́lọ́pàá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró, dílà ò ní í sí ńbẹ̀. Ẹ ò sì mọ ibi tí wọ́n ti tú u, ó lè jẹ́ lára mọ́tò tí wọ́n jí gbé lọ́wọ́ ẹlòmíì. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, wọ́n ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fi fáìlì ha nọ́ńbà ọ̀hún kúrò, ẹ má tiẹ̀ béèrè ìdí, ilé yín ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Ẹ tún wo irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́. Látìgbà tíjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún 2023, àwọn mìíì ń yọ ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, wọ́n ń gbé oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin sí i. Ẹ wo Camry tá à ń pè ní Big Daddy, ti 2002 sí 2006. Tó bá jẹ́ oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, 2AZ ló ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀. 1MZ sì ni oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà tó jẹ́ lítà mẹ́ta. Nọ́ńbà ṣásí ẹ̀, tó máa ń jẹ́ 17, lẹni tó mọ̀ ọ́n kà fi ń mọ èyí tó bá a jáde nílé iṣẹ́. Tí wọ́n bá ti yí i padà, ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló yẹ kí wọ́n yí. Gíà, wáyà àti brain box gbọ́dọ̀ bá a mu. Níbi tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ra lásán, iná ẹ́ńjìnnì á máa tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Àwọn dílà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, làwọn kan bá ń yọ gílóòbù iná yẹn sọnù. Ọgbọ́n tẹ́ ẹ máa dá rèé: ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì sítáàtì. Iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn. Tẹ́ ẹ bá wá sítáàtì, kó kú. Tí kò bá tàn rárá, wọ́n ti fọwọ́ kàn án nìyẹn. Ẹ tún ní kí wọ́n ki skáànà bọ̀ ọ́. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀ lábẹ́ sítíárì. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nu àṣìṣe inú ẹ̀ nù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, skáànà á fi hàn pé mọ́tò náà ò tíì parí àyẹ̀wò ara ẹ̀.

Ó kan àwọn tó ní àwọn ti ṣe ríìnì. Camry oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin tá à ń pè ní Muscle, ti 2007 sí 2009, lórúkọ burúkú níbi ká mu ọ́ìlì, débi pé Toyota fúnra wọn ṣètò àtúnṣe fún un ní Amẹ́ríkà ní 2015. Nítorí náà, ẹ máa gbọ́ "a ti ṣe ríìnì ẹ̀" dáadáa. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tàn án. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti tàn án dè yín nìyẹn. Tó bá jẹ́ tútù lẹ bá a, kẹ́nì kan dúró sẹ́yìn máa wo èéfín. Èéfín tó dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tí kò tán bọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ omi ló ń wọnú ẹ́ńjìnnì. Kí mẹkáníìkì tú gbogbo plọ́ọ̀gì, kó fi géèjì wọn agbára ihò kọ̀ọ̀kan. Tí mẹ́ta bá ka 170, tí ìkẹrin wá ka 110, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Àmọ́ géèjì nìkan ò tó, torí ríìnì tó ń nu ọ́ìlì lè ti bàjẹ́ kí géèjì ṣì kà dáadáa. Ẹ wo ẹnu plọ́ọ̀gì: tí ọ́ìlì bá rin ín dúdú, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ yẹ ọ́ìlì náà wò pẹ̀lú. Tó bá ki jù, ó lè jẹ́ pé wọ́n fi pa ariwo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ ni.

Èyí tó lè gbẹ̀mí ló kù, ìyẹn gáàsì CNG. Látìgbà tíjọba àpapọ̀ ti gbé ètò ẹ̀ kalẹ̀ ní 2023 lọ̀pọ̀ ti ń yí mọ́tò wọn padà, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n gáàsì inú sílíńdà yẹn ń tì í tó ìlọ́po 200 afẹ́fẹ́ tá à ń mí símú. Sílíńdà gáàsì ìdáná ò lè gbà á láéláé. Lóṣù kẹwàá 2024, mọ́tò kan bú gbàmù nílé epo kan ní Benin níbi tó ti ń gba gáàsì, àwọn aláṣẹ ètò náà sì sọ pé sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀, tí kì í ṣe ojúlówó ti CNG, ló wà nínú ẹ̀. Ẹ wo ara sílíńdà, kẹ́ ẹ rí nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti jó o, ẹ sá. Ẹ gba ìwé ibi tí wọ́n ti yí i padà, kẹ́ ẹ sì rí i pé ibẹ̀ gbàṣẹ ìjọba. Mọ́tò bẹntiróòlù tí wọ́n yí sí CNG ṣì máa ń lo epo náà, nítorí náà, ẹ wà á pẹ̀lú gáàsì, kẹ́ ẹ tún wà á pẹ̀lú epo, kẹ́ ẹ tó gbà pé ó dáa.

Mẹkáníìkì tiyín ni kẹ́ ẹ mú dání o, kì í ṣe èyí tí dílà bá yín pè. Kẹ́ ẹ sì fún un lówó iṣẹ́ ẹ̀, bẹ́ ẹ rà á, bẹ́ ò rà á. Tí ẹ bá wá fẹ́ sanwó, ẹ sọ fún dílà pé kó kọ ọ̀rọ̀ tó fẹnu sọ sínú rísíìtì: "Mo pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà ẹ̀ rèé," kó sì buwọ́ lù ú. Ẹni tó ṣe é lóòótọ́ á gba bírò lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, tó ní ṣé ẹ ò fọkàn tán òun ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yín padà sápò. Mọ́tò pọ̀ nígboro.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí.