Ẹ Yéé Fi Ọ̀dọ́mọbìnrin Ṣe Àríkọ́gbọ́n

Sí ẹ̀yin olùdarí, ẹ̀yin òǹkọ̀tàn àti ẹ̀yin olówó fíìmù Yorùbá,

Ibo Road ní Sabon Gari, Kano, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tí wọn ò mọ ọ̀nà Ìbàdàn, inú fíìmù yín ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gbọ́ òwe àti ìkíni. Mo mọ rírì yín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ lórí ohun tí ẹ ń fi ọ̀dọ́mọbìnrin àti olùkọ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀ ń mú òṣèré tó ti lé ní ọmọ ọdún 30, ẹ wọ yúnífọ́ọ̀mù fún un, ẹ dirun rẹ̀ ní ṣùkú, ẹ ní ọmọ ọdún 16 ni. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi dàrú: ó lóyún, ó sá nílé, tàbí kí ẹ ní ayé ló ń ṣe é. Ìyá á sunkún, wòlíì tàbí ààfáà á gbàdúrà, ó parí. Olùkọ́ ńkọ́? Bí kò bá jẹ́ ẹni tó ń ba ọmọ olọ́mọ jẹ́, á jẹ́ aláwàdà tí ṣòkòtò rẹ̀ kò dé ọrùn ẹsẹ̀. Gbogbo wa là ń wo ọmọbìnrin yìí. A kì í mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí. Òbí ni ẹ ń bá wí, ọmọ lẹ fi ń ṣe ẹgba.

N kò sọ pé irọ́ ni olùkọ́ oníṣekúṣe. Kunle Afolayan fi *Citation* (2020) tú àṣírí irú rẹ̀, ọmọbìnrin tí ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ fi agbára mú ló sì rojọ́ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yunifásítì nìyẹn. Ọmọ yunifásítì náà ni Tunde Kelani gbé jáde nínú *Ó Le Kú* ní 1997. Ọmọ tó ṣì wà ní girama, tí ẹlòmíràn ń yan ohun gbogbo fún, òun ni a kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n àgbà nìkan lẹ fi ń dá tiyín.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Yorùbá ni olú ẹ̀dá ìtàn nínú *Rocks* (2019), fíìmù tí Sarah Gavron darí, tí Theresa Ikoko àti Claire Wilson kọ. Olushola Omotoso lorúkọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ fi òun àti àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ lọ, ó wá ń sá kiri kí ìjọba má bàa já wọn gbà. Kò sẹ́ni tó wàásù fún un. Inú ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti wá àwọn ọmọ tó ṣeré náà, wọ́n bá wọn jókòó fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wọn sì wọ inú ìtàn. Bukky Bakray, tí kò ṣe fíìmù rí, ló ṣe Olushola. Ní 2021, ó gba ẹ̀bùn ìràwọ̀ tuntun ní BAFTA. Sùúrù ló ṣe é. Níbí, ọjọ́ díẹ̀ lẹ fi ń ya ọ̀pọ̀ fíìmù tó ń bọ́ sórí YouTube.

Ìtàn ò sì wọ́n yín. Láti 1973 ni ìjọba ti ń rán àgùnbánirọ̀ káàkiri, ọ̀pọ̀ wọn ló ń di olùkọ́. Ẹ gbé ọ̀kan láti Òṣogbo wá sí Sabon Gari. Kò gbọ́ Hausa. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tó ń fi Yorùbá dá ìyá rẹ̀ lóhùn, tó ń fi Hausa nájà, tó ń fi Igbo bá àwọn aládùúgbò wọn ṣàwàdà. Olóríkunkun ni, kì í wá síléèwé déédéé, torí òun ló ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Láìsí ọmọ yìí, àgùnbánirọ̀ náà ò lè ra tàtàṣé lọ́jà. Ta wá ni olùkọ́, ta ni akẹ́kọ̀ọ́? Ọdún kan péré sì ni ìjọba fún àgùnbánirọ̀. Kí ọmọ tó fọkàn tán an, olùkọ́ ti ń di ẹrù rẹ̀. Kò sí oyún níbẹ̀, kò sí wòlíì, ìtàn sì wà.

Ẹ lè ní ta ni yóò wò ó. *My Father's Shadow* ti Akinola Davies Jr. ti dáhùn: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gidi méjì, ọmọdékùnrin, ló ṣe àwọn ọmọ inú rẹ̀, ní 2025 ó sì di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ ètò àjọ̀dún Cannes gan-an. Ó ku ọmọbìnrin.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ fi ọmọ ṣe ọmọ: kí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí àgbàlagbà obìnrin kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́, kí ẹ sì ya á nígbà ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń pẹ́, tí kíláàsì rẹ̀ kún àkúnya, tó láàánú ṣùgbọ́n tí kò lè gba gbogbo ọmọ là. Kí fíìmù tó jáde, ẹ kọ́kọ́ fi han àwọn ọmọbìnrin SS 2. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ ti fẹ́ kí wọ́n sunkún, ẹ padà sídìí iṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan ní Ibo Road, Sabon Gari, Kano.