Níbo Ni Ẹ Ń Gbé? Ara Ìtọ́jú Ni Ìbéèrè Náà

Bí ìyá kan bá gbé ọmọ tí ó ń ṣu tí ó sì ń bì wá sí dìsípẹ́ńsárì, tí a bi í pé, “Níbo ni ẹ ń gbé?”, á ní, “Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni.” Mọ́ṣáláṣí wo? Òmíràn á tilẹ̀ bínú pé oògùn ni òun wá gbà, òun kò wá ka ojúlé. Ẹ̀yin ìyá, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ojúmìító. Ara ìtọ́jú ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho, ó sì pa ju 600 ènìyàn lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ búburú ni ó ń fà á. Dókítà John Snow kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń béèrè ibi tí àwọn tí ó kú gbé, àti ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ohun tí ó rí mú kí àwọn aláṣẹ àdúgbò yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi Broad Street ní ọjọ́ 8 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà. Lẹ́yìn náà ó ya máàpù, ó fi àmì kan sí ojúlé ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó kú. Àmì wọ̀nyí pọ̀ jù lọ yí ẹ̀rọ omi náà ká. Opó kan tí ń gbé ní Hampstead, ọ̀nà jíjìn sí Soho, kú pẹ̀lú. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Omi Broad Street dùn mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n sì ń gbé e lọ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Ní ọdún 2024, onígbáméjì jà ní Èkó.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ti sọ iṣẹ́ Snow di kíákíá. Ètò ìṣirò kan wà tí a ń pè ní R, máàpù òpópónà sì wà tí a ń pè ní OpenStreetMap, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Nọ́ńbà méjì ni a ń fún kọ̀ǹpútà nípa ilé kọ̀ọ̀kan: bí ó ti jìnnà sí àríwá tó, àti bí ó ti jìnnà sí ìlà-oòrùn tó. Ti Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 7.4 àti 3.9. Bí akọ̀wé bá ṣi ọ̀kan kọ sí ipò èkejì, inú òkun ni aláìsàn yóò bọ́ sí! Kọ̀ǹpútà kò sì mọ “ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí”. Ohun tí a bá fi fún un ni yóò fi hàn. Bí òpópónà kan bá sì ní àmì púpọ̀, a ní láti wo iye ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ kí a tó dá a lẹ́bi.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé a ó tú àṣírí wọn. Ẹ̀rù náà tọ́. Máàpù tí yóò jáde síta kò gbọdọ̀ ní orúkọ aláìsàn, kò sì gbọdọ̀ tọ́ka sí ojúlé rẹ̀. Àdúgbò nìkan ti tó. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá wá, ẹ sọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé. Bí ilé kò bá ní nọ́ńbà, ẹ sọ ohun tí a fi lè dá a mọ̀ láìṣì í. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń pọnmi. Bí ẹ bá ti kó kúrò, ẹ jẹ́ kí a gbọ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe kọ òpópónà dìsípẹ́ńsárì fún ẹni tí kò sọ tirẹ̀, kí máàpù má bàa pe àwa gan-an ní orísun àrùn.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì kò tó nọ́ọ̀sì. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.